Ìṣẹ́jú Mẹ́ta fún Tíṣà

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọmọ ìgbìmọ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn asọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Aránṣọ mọ̀ ọ́n ṣe. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi í sínú ìgbìmọ̀ adarí Ẹgbẹ́ Asọ̀rọ̀-Gbangba, kò tíì sí ọjọ́ kan tó gun orí ìtàgé wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé lé e lọ́wọ́ ní àpérò ọdọọdún ò ju méjì lọ: kó rí i pé tíì ò tutù, kó sì jókòó níwájú gbọ̀ngàn, kó máa tan iná àkókò. Ìyàwó olùdásílẹ̀ ni. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ dá ọkọ rẹ̀ jókòó, tó gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, ìgbìmọ̀ ní kò yẹ kí àyè ilé olùdásílẹ̀ ṣófo, ni wọ́n bá fà á wọlé. Wọ́n fún un ní káàdì tí wọ́n ń fi há àyà. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni "Ìyàwó Tíṣà, Ọmọ Ìgbìmọ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ àpérò tí mò ń sọ yìí, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló fi mọ́tò gbé òun àti ọkọ rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì ni àbúrò yìí, ọ̀rọ̀ kì í sì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó já bọ́. Tíṣà jókòó níwájú, ó fi ọ̀pá rẹ̀ há àárín orúnkún, ó ń mi ètè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń gbàdúrà. Aránṣọ wà lẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n," àbúrò ń wò ó nínú díńgí, "ṣé òní náà lẹ máa fetí ara yín gbọ́ ọ?"

"Kí n gbọ́ kí ni?"

"Ẹ má bá mi ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ o. Ohun tẹ́ ẹ ti ń retí láti ìgbà tí mo ti wà níléèwé!"

Aránṣọ na ọwọ́ síwájú, ó tún ọrùn ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló rán ẹ̀wù náà, ó sì ti tú apá òsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó rọrùn fún apá tó kú. Inú rẹ̀ ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà á, kò mọ èyí tó ju èkejì lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́, kẹ́ ẹ má bàa rò pé torí àtẹ́wọ́ lásán ni obìnrin yìí ṣe ń gbọ̀n. Nígbà tí Tíṣà ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́, kìnnìún ni níwájú àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà márùn-ún bá jókòó tò, ó parí, òógùn á bò ó, ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ á fò lọ lórí rẹ̀. Aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù nígbà náà ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó to àwọn ère tó fi ń wọn aṣọ sí ìlà kan, ó ní, "Ẹ dúró síbí, kẹ́ ẹ máa bá àwọn wọ̀nyí sọ̀rọ̀. Wọn ò lórí, wọn ò lè fi yín ṣe yẹ̀yẹ́." Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Tíṣà sọ fún àwọn ère. Òun náà ló pe oníbàárà kan tó ń kólòlò, ó pe òmíràn tí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ tí kò mọ ohun tóun máa sọ, ó ní kí wọ́n máa wá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì bí òun bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́.

Òfin tí gbogbo ẹgbẹ́ ń pè ní òfin Tíṣà títí dòní, òun ló ṣe é. Àwọn ọkùnrin ló fà á. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò ní mọ ibi tó máa sọ ọ́ kalẹ̀ sí, ilẹ̀ á sì ti ṣú, ọmọ á máa ké nílé. Aránṣọ á gbé àlùmọ́gàjí, á fi lu tábìlì kọ̀, kọ̀, kọ̀, á ní kí gbogbo ilé máa pàtẹ́wọ́ fún un títí yóò fi jókòó. Àtẹ́wọ́ yẹn ló fi ń bo ìtìjú ẹni náà mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, àlùmọ́gàjí di iná mẹ́ta: àwọ̀ ewé ní kó o máa bá a lọ, àwọ̀ ìyeyè ní kó o máa kádìí rẹ̀, pupa ní ó tó gẹ́ẹ́. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá ti pé, tí pupa tàn, gbogbo gbọ̀ngàn á pàtẹ́wọ́ fún un, atọ́kùn ètò á wá gba máìkì, á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó tán.

Ẹgbẹ́ dàgbà, ó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó wọ gbọ̀ngàn. Ohùn Tíṣà ṣí, àfi bí ìgbà tí omi ya. Ibi gbogbo tí wọ́n bá pè é sí ló ti ń sọ ìtàn náà, bákan náà ló sì ń sọ ọ́ nígbà gbogbo: "Mo bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ yìí nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan." Ẹ gbọ́ ná. Aránṣọ kan! Aránṣọ tó bí ọmọ mẹ́ta fún un, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an, òun ló fi sí i. Nígbà àkọ́kọ́, ìyàwó rò pé ahọ́n ló ṣèèṣì. Nígbà kejì, ó bi í nílé. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé kí n máa pàtẹ ilé mi fún ayé ni? Wọ́n kúkú mọ̀." Wọn ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Aránṣọ ò tún bi í mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jókòó sí i lọ́kàn, kò dìde níbẹ̀.

Ẹ lè ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Obìnrin tó bá dìde ní gbangba tó ní òun lòun ṣe é, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi í ni pé kí ló dé tí ọkọ rẹ̀ ò wí bẹ́ẹ̀. Ẹnu Tíṣà ni Aránṣọ fẹ́ kó ti jáde, níwájú àwọn tí ọkùnrin náà ti fi gbogbo ọdún yẹn purọ́ fún láìmọ̀ pé irọ́ ni.

Àìsàn dé, ó gba ohùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà díẹ̀díẹ̀, tí obìnrin tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ nílé ìwòsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ó ń gbìyànjú, Tíṣà gbá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú ní pálọ̀. Ó ní, "Ìwọ... ni. Àpérò. Màá... sọ." Omi ń dà lójú rẹ̀. Aránṣọ sá wọ ilé ìdáná, ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó má bàa gbọ́ ẹkún òun. Inú rẹ̀ dùn. Inú tún bí i burúkú-burúkú. Nígbà tí ohùn ọkùnrin yìí lè mi òrùlé, kò rántí!

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdánrawò nínú ṣọ́ọ̀bù, bíi ti àtijọ́. Ìkíni díẹ̀, ìtàn díẹ̀, lẹ́yìn náà ni gbólóhùn tí gbogbo rẹ̀ dá lé lórí: "Kì í ṣe èmi ni mo dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Ìyàwó mi ni. Òun ni aránṣọ náà." Bí ọ̀rọ̀ bá há, Aránṣọ á ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí i, Tíṣà á hán an, á máa bá a lọ. "Kì í ṣe..." "Èmi." "...èmi ni mo..." "Dá." Aago ọwọ́ ń lọ, kò sì fìgbà kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Aránṣọ ń yọ̀. Kò fura pé òun lòun ń sọ ìdajì rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi ọ̀rọ̀ sí ọkùnrin yìí lẹ́nu, kò mọ̀ ọ́n sí iṣẹ́ mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé òtẹ́ẹ̀lì tí àpérò ti fẹ́ wáyé, ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ jókòó ní yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn. Oníṣègùn eyín ni Alága wọn. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa bá ẹni tí kò lè fèsì sọ̀rọ̀. Aránṣọ nawọ́, ó ní òun bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún ti Tíṣà, àìsàn kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀.

"Háà, Màmá," Alága rẹ́rìn-ín tẹyín-tẹyín. "Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ta ló ṣe òfin iná? Ṣebí Tíṣà fúnra wọn ni. Ṣé a wá fẹ́ torí Tíṣà rú òfin Tíṣà?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ wo inú tíì rẹ̀. "Èmi ni mo ṣe é" ti dé etí ètè rẹ̀. Ó gbé e mì. Ṣebí lónìí náà ni, ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ ti wà níta, ó ń mi ètè. Kí lòun ń kánjú sí?

Akọ̀wé, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, fẹnu sí i létí. "Màmá, tó bá kan Bàbá, ṣé kí n bá yín tan iná?"

"Kí ló dé? Ṣé kí wọ́n lè ní mò ń ṣojúsàájú fún ọkọ mi, àbí kí wọ́n ní mi ò lè ṣe é? Ìwọ ṣáà máa wo aago ẹ."

Ọmọ náà ní kí màmá má bínú. Ire ló ń ro, ká sòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ iná yìí nìkan ni wọ́n fún Aránṣọ nínú ohun tó dá sílẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun.

Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n da aṣọ funfun bo àwọn àga, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ tọ́jú ẹja síbẹ̀. Àwọn asọ̀rọ̀ wá, wọ́n lọ. Ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí sùúrù, kò sì ní in, iná pupa ló lé e wálẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Aránṣọ ń tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta tó wà níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò ṣì.

Ó wá kan Tíṣà. Atọ́kùn ètò ò kúrò nídìí tábìlì ìsọ̀rọ̀ títí ó fi dé ibẹ̀. Bí àṣà wọn ṣe rí nìyẹn, tábìlì náà ò gbọdọ̀ ṣófo. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Tíṣà fi ọ̀pá ti tábìlì, ó di máìkì mú, ó wo gbogbo ilé.

"Ẹ̀yin... èèyàn mi."

Àwọn kan ti ń nu ojú. Ó kí wọn. Ó sọ pé ó ti pẹ́ tóun ti dúró níbẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ń yọ ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń yọ òkúta nínú ìrẹsì, ṣùgbọ́n ó ń yọ ọ́. Ó sọ nípa àwọn ère tí kò lórí, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Aránṣọ tan àwọ̀ ewé. Ọkàn rẹ̀ ń lù bí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Kì í ṣe..." ni Tíṣà wí.

Ó há. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Aránṣọ ti rí ohun tí kò rí láti ọjọ́ yìí wá. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "Èmi," ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kọ́ nìyí. Tíṣà ń wo ètè rẹ̀ láti òkèèrè bí ọmọdé tó ń wo ọkọ̀ tó ti lọ. Ó gbìyànjú. "Kì í ṣe... èmi." Àwọ̀ ìyeyè tàn. "Kì í ṣe èmi. Kì í ṣe... èmi..."

"Màmá," Akọ̀wé sọ ọ́ jẹ́ẹ́, "ó ti pé." Kò wò ó lójú.

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ o. Ẹlòmíràn á ní ọwọ́ ló ṣèèṣì, pé ó ti mọ́ ọn lára. Kò ṣèèṣì. Aránṣọ rí Alága tó yí ọrùn wo òun. Ó rántí ohun tóun sọ fún Akọ̀wé. Ó rò ó pé kò ju èémí méjì lọ mọ́, pé òun á tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n lè rí i pé òun ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, pé lórí irú èèyàn bíi Tíṣà, wọ́n á ní sùúrù díẹ̀ kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́. Ó tẹ pupa.

Wọn ò ní sùúrù kankan. Ta ló kọ́ wọn ní sùúrù? Àtẹ́wọ́ ni wọ́n kọ́ wọn. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, gbogbo gbọ̀ngàn gbà á, wọ́n dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bí òjò lórí páànù. Kò sí ìkà kan nínú rẹ̀, ohun tó dunni jù níbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fẹ́ràn ọkùnrin náà. Atọ́kùn ètò ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀rín músẹ́ gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì mọ́ ọn. Lórí èjìká atọ́kùn yẹn ni Aránṣọ ti rí ètè ọkọ rẹ̀ tó ń mì. Ó sọ ọ́. Ìyàwó. Mi. Ni. Ó tún ń sọ nǹkan mìíràn, atọ́kùn sì ti yí i padà.

"Ẹ dákẹ́!" Aránṣọ ké, ó dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́!" Obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rò pé ayọ̀ ló ń pa á, ó gbá a mọ́ra, ó ní, "Ẹ kú oríire, Màmá!"

Alága gba máìkì. "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ò rí ìrẹ̀lẹ̀! Ẹni tó dá gbogbo èyí sílẹ̀ ló dúró tó ní kì í ṣe òun o! Ta ni? Ọlọ́run ni! Ó sì bọ̀wọ̀ fún òfin tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe." Gbọ̀ngàn hó. "Màmá náà ò ṣojúsàájú o, ẹ wò ó, ó tan iná fún ọkọ! Màmá, ẹ wá fi gbólóhùn kan dúpẹ́ fún wa."

Wọ́n fa Aránṣọ gòkè. Wọ́n fi máìkì sí i lọ́wọ́, ìgbà àkọ́kọ́ rèé láyé rẹ̀. Ó tutù, ó sì wúwo ju bó ṣe rò lọ. Ó wo gbogbo ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Bí òun bá sọ ọ́ nísinsìnyí ńkọ́? Ọkùnrin náà ti ní kì í ṣe òun, wọ́n ti fi Ọlọ́run dí i. Wọ́n á ní ẹ wo ìyàwó tó ń bá Ọlọ́run du ipò, tó ń fi ẹnu ọkọ tí kò lè sọ̀rọ̀ gba oyè fún ara rẹ̀. Ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Òun ló bí àtẹ́wọ́, kó pọ̀n ọ́n.

"Ẹ ṣé púpọ̀," ni Aránṣọ wí.

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Nínú yàrá kékeré tí ìgbìmọ̀ ti jókòó láàárọ̀ ni àbúrò gbé Tíṣà sí, ó fún un lómi mu. Nígbà tí Aránṣọ wọlé, ọkọ rẹ̀ gbójú sókè. Ojú náà ń dán. Kò rí irú rẹ̀ lójú rẹ̀ láti ọjọ́ tí àìsàn ti dé.

"O... gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Gbogbo wọn... dìde." Ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìdajì ẹnu tó ṣẹ́kù fún un. "Wọ́n dìde... fún... ẹ."

Àbúrò, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi orí sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àbúrò tí ọ̀rọ̀ kì í dúró lẹ́nu rẹ̀, òun gan-an ló ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè lọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà ì bá gbé ayọ̀ yìí délé, ì bá fi sùn. Ṣùgbọ́n ohun tó ti jókòó sọ́kàn obìnrin yìí láti ìgbà èwe rẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Wọn ò gbọ́ ọ, Tíṣà. Àtẹ́wọ́ bò ó. Alága ní Ọlọ́run lẹ ń sọ, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ohùn yín ń mi ilé, aránṣọ kan ni mo jẹ́. Gbogbo ìgbà yẹn! Ẹ ní ẹnu, ẹ ní máìkì, ẹ ní ìtàgé, ẹ ò rí mi. Àfìgbà tí ohùn lọ tán lẹ wá ń wá orúkọ mi."

Ẹ̀rín náà kú lójú Tíṣà díẹ̀díẹ̀. Ó mi ètè. Ọ̀rọ̀ há. Aránṣọ dúró, ó ń retí, àánú rẹ̀ sì ti ń ṣe é kíákíá bẹ́ẹ̀. Ohun tó rò pé ọkọ òun ń wá ni "Má bínú." Ó jù ú sí i bó ṣe máa ń ṣe. "Má..." ló wí. "Má..."

Tíṣà mi orí. Kì í ṣe ìyẹn ló ń wá. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó gbé ara rẹ̀ dìde lórí àga díẹ̀, ó sì wò ó lójú.

"Ìwọ lo tan iná pupa," ló wí.

Kò há níbì kan. Àbúrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ọ ketekete.